Ilẹ̀ pupa Abẹ́òkúta lórí pákó: kí ló dé tí rélùwéè kékeré mi kò fi jọ ti ilé?

ỌmọẸ̀gbáNíLeeds
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí. Ó ti pé oṣù mẹ́jọ báyìí tí mo ti ń kọ́ rélùwéè kékeré sí yàrá òkè ilé mi. Pákó tí mo tẹ́ ẹ sí gùn ní sẹ̀ǹtímítà 240, ó sì fẹ̀ ní 60. Ojú irin àtijọ́ tó gba Láfẹ́ńwá ní Abẹ́òkúta kọjá, tó sì dé Ìbàdàn ní 1901, ni mo ń ṣe àwòkọ rẹ̀. Kì í ṣe bó ṣe rí ní 1901 ni mo fẹ́ ṣe, bí kò ṣe bí èmi ṣe mọ̀ ọ́n nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí ọ̀nà náà ti gbó, tí koríko ti ń wọ àárín irin, tí eruku sì ti bo ohun gbogbo.

Ohun tí mo ti ṣe nìyí. Fóòmù líle tí wọ́n fi ń dí ògiri ilé lọ́wọ́ òtútù ni mo gé tí mo fi ṣe òkè àti àfonífojì, mo fi aṣọ tí mo rì sínú POP bò ó, nígbà tó gbẹ mo kùn ún ní ọ̀dà pupa. Irin tí mo tò ni èyí tí àlàfo àárín rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 16.5, tó wà káàkiri ọjà níbí, ìwọ̀n 1:76 ni mo sì fi kọ́ àwọn ilé, ìyẹn ni pé mìlímítà kan dúró fún mìlímítà 76 ti ohun gidi. Mo ra wágọ́ọ̀nù akẹ́rù mẹ́ta, mo sì tún wọn kùn. Ilẹ̀ náà pọ́n ju bó ti yẹ lọ, ó ń dán bí ike. Àwọn ọ̀pẹ tí mo rà jọ àgbọn etí òkun. Àwọn wágọ́ọ̀nù náà ṣì jọ ohun ìṣeré ọmọdé, wọ́n sì ń yẹ̀ kúrò lórí irin ní ibi tí ọ̀nà ti ṣẹ́ kọ́nà. Màmá mi wò ó lórí fóònù, wọ́n sì bi mí pé ìlú wo nìyẹn. Ìbéèrè yẹn dùn mí gan-an, nítorí ilé wọn ló wà ní apá ọ̀tún pákó náà. Mo gbé àwòrán rẹ̀ síbí. Ẹ jọ̀wọ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe?

AyàwòránÌbàdàn
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Ìdí tí ilẹ̀ yín fi ń dán ni pé ọ̀dà nìkan kò lè di ilẹ̀ láéláé. Ilẹ̀ ní hóró, ojú sì máa ń mọ̀ bí hóró kò bá sí. Erùpẹ̀ gidi ni èmi máa ń lò. Ibi tí wọ́n bá ti gé ẹ̀bá títì ni mo ti ń bu yangí, mo máa ń sá a sóòrùn, mo ń gún un nínú odó, mo ń fi asẹ́ jọ̀ ọ́, kí n tó wá fi ìbọ̀sẹ̀ obìnrin tó fẹ́lẹ́ jọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì títí tí yóò fi kúnná bí èlùbọ́. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń yan án nínú ìkòkò kí ẹyin kòkòrò tó bá wà nínú rẹ̀ lè kú.

Ẹ kun ilẹ̀ yín ní gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò, kí ẹ da erùpẹ̀ náà lé e nígbà tí gọ́ọ̀mù ṣì tutù. Bó bá gbẹ, ẹ fi omi tí ẹ kán ọṣẹ ìfọbọ́ díẹ̀ sí wọ́n ọn, kí ẹ wá fi sírínjì kán gọ́ọ̀mù tí ẹ fi omi là ní ìdajì-ìdajì sí i. Ọṣẹ yẹn ṣe pàtàkì, torí láìsí i, omi yóò kó ara rẹ̀ jọ sójú erùpẹ̀ bí ìrì ojú ewé kókò, kò ní wọlé. Bí ẹnìkan bá ń bọ̀ láti ilé, ẹ ní kó bá yín bu kílò kan wá.

Ẹlẹ́rọPeckham
Mo gbà pẹ̀lú àbúrò wa ará Ìbàdàn lórí hóró ilẹ̀, ṣùgbọ́n ohun méjì wà nínú ọ̀rọ̀ wọn tí mo gbọ́dọ̀ tún ṣe kí ẹnikẹ́ni tó kó sí wàhálà.

Àkọ́kọ́ ni pé òfin ìlera ohun ọ̀gbìn kò gbà kí a gbé erùpẹ̀ láti Nàìjíríà wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Yíyan nínú ìkòkò kò yí òfin náà padà. Ẹ má ṣe fi kílò kan sínú àpótí ìyá ẹnikẹ́ni.

Èkejì, inú yangí ni irin wà. Irin náà ló sọ ọ́ di pupa. Àwọn hóró kan wà nínú rẹ̀ tí òòfà máa ń fà, òòfà sì ni ó ń yí mọ́tọ̀ tó wà nínú ẹ̀rọ ọkọ̀ wa kékeré. Mo ti ba ẹ̀rọ kan jẹ́ lọ́nà yìí. Ó kọ́kọ́ ń dún kìrìkìrì, ó wá ń gbóná, nígbà tí mo tú u, mo bá àwọn hóró dúdú wínníwínní tó rọ̀ mọ́ òòfà inú rẹ̀ bí irùngbọ̀n, tí wọ́n ti ha wáyà kọ́pà dé ibi tó ti já. Láti ìgbà náà, ohunkóhun tí n bá fẹ́ dà sí ẹ̀bá irin, ì báà jẹ́ yanrìn, ì báà jẹ́ erùpẹ̀ tí mo rà ní ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń fi ọ̀rá wé òòfà tó lágbára, mo sì ń fà á gba inú rẹ̀ kọjá ní ìgbà púpọ̀, títí tí ohunkóhun kò fi ní lẹ̀ mọ́ ọn mọ́. Ọ̀rá yẹn ni yóò jẹ́ kí ẹ lè bọ́ àwọn hóró náà dànù. Bí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ òòfà gan-an, wọn kò ní kúrò bọ̀rọ̀.

AyàwòránÌbàdàn
Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Èmi kò mọ̀ nípa òfin yẹn, mo sì fà á padà. Ní ti òòfà, òótọ́ ni ẹ sọ. Àwòrán ìlú ni mo máa ń ṣe, ọkọ̀ tèmi kì í rìn, ìdí nìyẹn tí n kò fi rí àléébù rẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn wà tí kò ní mú òfin lọ́wọ́. Red oxide, pọ́ńdà tí àwọn bíríkìlà ń pò mọ́ símẹ́ńtì láti fi ṣe ilẹ̀ilé pupa, irin tó dípẹtà náà ni, ohun kan náà tó sọ yangí di pupa. Ẹ ó rí i ra níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí aró símẹ́ńtì. Ẹ bu yanrìn tó kúnná ìwọ̀n ife mẹ́ta, kí ẹ fi ife kan pọ́ńdà tí wọ́n fi ń dí àárín táìlì, èyí tó ní àwọ̀ bíi ti gààrí Ìjẹ̀bú, sí i, kí ẹ wá máa fi ṣíbí kékeré fi red oxide kún un díẹ̀díẹ̀. Ẹ má ṣe dà á lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ó le, bó bá sì ti pọ́n jù, kò sí bí ẹ ṣe lè dá a padà.

BàbáṢọ́ọ̀bùÈbútéMẹ́ta
Ọmọ mi, mo kí ọ, mo sì kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń fún un lésì. Mo lo ọdún 27 nídìí àtúnṣe wágọ́ọ̀nù kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ ọ̀rọ̀ yìí. N kò mọ nǹkan kan nípa ohun tí ẹ ń pè ní POP lórí fóòmù, ṣùgbọ́n mo mọ bí wágọ́ọ̀nù ṣe ń gbó, mo sì wo àwòrán tí o gbé síbí dáadáa.

Àṣìṣe rẹ ni pé o fi ìpẹtà kun gbogbo ara wágọ́ọ̀nù bákan náà. Irin kì í dípẹtà bẹ́ẹ̀. Ibi tí omi bá ti ń dúró ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀: ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, etí ibi tí wọ́n jó irin mọ́ra, abẹ́ orí ìdè, àti igun òrùlé tó bá ti tẹ̀. Láti ibẹ̀ ni yóò ti máa ṣàn wálẹ̀ ní ìlà tín-ín-rín, tí yóò ṣókùnkùn lókè, tí yóò sì parẹ́ bó ti ń lọ sísàlẹ̀. Bí o bá wo ilẹ̀kùn wágọ́ọ̀nù àtijọ́ fínnífínní, wàá rí i pé apá ibi tí ọwọ́ àwọn alábàárù máa ń dì mú kò ní ìpẹtà rárá, ó máa ń dán, nítorí ọwọ́ ń nù ún lójoojúmọ́.

Abẹ́ rẹ̀ yàtọ̀. Bíréèkì ni irin tó ń fún wíìlì mọ́lẹ̀, bó bá sì ti ń fún un ni ó ń lọ̀ dà sílẹ̀. Lúbúlúbú irin yẹn máa ń bo gbogbo abẹ́ wágọ́ọ̀nù, ó sì ń dípẹtà níbẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ jọ ti obì tó ti gbẹ. Òróró tún ń jò ní ẹnu ibi tí ọ̀pá wíìlì ti wọlé, nítorí náà ibẹ̀ dúdú, ó sì ń dán díẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú wíìlì tó ń tẹ irin kò gbọ́dọ̀ ní ọ̀dà kankan, funfun báláú ni ó máa ń wà. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni eruku pupa tó wá ń bo ìsàlẹ̀ ara rẹ̀ dé bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Ní àkókò òjò, ẹrẹ̀ ló máa ń ta sí i. Nígbà ọyẹ́, eruku náà á funfun díẹ̀, á sì bo òrùlé pẹ̀lú.

Ohun mìíràn tí mo rí ni pé pákó ni o fi ṣe ìdábùú tí irin sùn lé. Irin ni púpọ̀ nínú ìdábùú tiwa, nítorí ikán. Mú ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ ìpẹtà, lọ̀ ọ́, kí o fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fi kun àwọn ìdábùú náà. Ìyẹn nìkan yóò ti mú un jọ ilé.

ÀkọọlẹÌwọ̀n
Mo júbà Bàbá. Ṣùgbọ́n mo rò pé ìṣòro tó wà nídìí gbogbo èyí ni ẹnìkan kò tíì dárúkọ, òun ni àlàfo àárín irin méjèèjì. Ní ojú irin àtijọ́ tiwa, àlàfo yẹn jẹ́ mìlímítà 1067. Bí ẹ bá fi 76 sọ mìlímítà 16.5 yín di púpọ̀, ẹ ó rí 1254. Ìyẹn ni pé ọ̀nà yín fẹ̀ ju ti ilé lọ ní ohun tó lé ní ínṣì méje. Ojú kò lè kà á, ṣùgbọ́n ojú mọ̀ ọ́n. Òun ló mú kí wágọ́ọ̀nù yín dàbí ẹni tó ya ẹsẹ̀ jókòó, tí kò sì rí bí tiwa tó ga, tó sì dúró lórí ẹsẹ̀ tó súnmọ́ra.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ fi irin náà sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ yí ìwọ̀n ohun tó wà lórí rẹ̀ padà sí 1:64. Ẹ fi 64 sọ 16.5 di púpọ̀, yóò fún yín ní 1056, mìlímítà 11 péré ló fi dín. Àlàfo tiwa yìí ni New Zealand náà ń lò, ìwọ̀n 1:64 lórí irin 16.5 yìí sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń ṣe rélùwéè kékeré wọn. Bí ẹ bá fẹ́ kí ohun gbogbo kéré sí i, ẹ lè lo irin mìlímítà 12 pẹ̀lú 1:87, tí yóò fún yín ní 1044. Irin 12 kò wọ́n mọ́ níbẹ̀ láti ìgbà tí Peco àti Hornby, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe rélùwéè kékeré, ti gbé ọjà 1:120 tó ń lo irin 12 yìí jáde ní 2022.

ỌmọMóníyà
Ẹ dákun, ṣé kò ní rọrùn kí ẹ ṣe ojú irin tuntun dípò? Ti Èkó sí Ìbàdàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù kẹfà 2021, kìlómítà 157, mìlímítà 1435 ni àlàfo rẹ̀. Ìwọ̀n 1:87 lórí irin 16.5 bá a mu gẹ́lẹ́, ẹ kò sì ní ṣe ìṣirò kankan.

ỌmọẸ̀gbáNíLeeds
Àbúrò mi, mo dúpẹ́, mo sì mọ̀ pé òótọ́ ni ìṣirò yẹn. Ṣùgbọ́n èyí tí mo gùn pẹ̀lú bàbá mi ni mo fẹ́ kọ́. Ẹ̀gbọ́n ÀkọọlẹÌwọ̀n, ọ̀rọ̀ yín dá mi lágara díẹ̀, torí ilé mẹ́sàn-án ni mo ti kọ́ ní 1:76. Ṣé kí n wó wọn ni?

Akọ́léBristol
Ẹ má wó ohunkóhun. Mo ń bá ÀkọọlẹÌwọ̀n jiyàn lórí èyí, kì í ṣe lórí ìṣirò rẹ̀. Pákó yín fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60 péré, ẹ sì fẹ́ kí ìlú rí bíi pé ó lọ jìnnà sẹ́yìn. Ẹ kó àwọn ilé 1:76 yẹn sẹ́yìn pátápátá, sí ìdí ògiri, kí ẹ wá kọ́ ọkọ̀, ènìyàn, àti ilé kan tàbí méjì tó wà níwájú ní 1:64. Ohun tó kéré lẹ́yìn ohun tó tóbi máa ń jọ ohun tó jìnnà. Ibi kan ṣoṣo tí ẹ ní láti ṣọ́ra sí ni pé ènìyàn àti ilẹ̀kùn ìwọ̀n méjèèjì kò gbọ́dọ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, torí níbẹ̀ ni àṣírí yóò ti tú. Ẹ fi igi tàbí ọgbà dí àárín wọn.

Ní ti wágọ́ọ̀nù, èyí tó gùn ní mítà 9 yóò di mìlímítà 141 ní 1:64, nígbà tó jẹ́ 118 ní 1:76. Ẹ lè lo bógì (férémù kékeré abẹ́ ọkọ̀ tó gbé wíìlì) àti wíìlì tí ẹ ti rà, kí ẹ fi ike pẹlẹbẹ gé ara tuntun fún un. Ike tó nípọn mìlímítà 1 dára fún ẹ̀gbẹ́, kí ẹ fi igi ike tẹ́ẹ́rẹ́ tì í nínú kó má baà tẹ̀. Ẹ má ṣe lo gọ́ọ̀mù funfun fún ike; oje tó ń yọ́ ike pọ̀ ni kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kán sí etí rẹ̀, kí ẹ sì ṣí fèrèsé.

ÀkọọlẹÌwọ̀n
Mo gbà. N kò rò ó dé ibi pé kí a kó ilé sẹ́yìn. Ó dára ju ohun tí mo sọ lọ.

ÌyáOnímàrìwò
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ ọ̀pẹ ni èmi bá wá, nítorí ọ̀pẹ nìkan ni mo ti ń ṣe láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo sì rí i pé ẹ ti ń fi í sílẹ̀.

Ọmọ mi, àgbọn ni wọ́n tà fún ọ lóòótọ́. Ara àgbọn máa ń jọ̀lọ̀, igi rẹ̀ máa ń tẹ̀ síwá sẹ́yìn, ewé ara imọ̀ rẹ̀ sì máa ń tò pẹrẹsẹ bí eyín ìyarun. Ọ̀pẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pẹ a dúró ṣánṣán, kùkùté imọ̀ tí wọ́n ti gé a máa yọ lára rẹ̀, ewé ara imọ̀ rẹ̀ kò sì tò sójú kan. Òmíràn kọjú sókè, òmíràn kọjú sílẹ̀, òun ló jẹ́ kó rí jágbajàgba bí irun tí a kò tíì yà. Bí o bá mú èyí lọ́kàn, ìdajì iṣẹ́ ti parí.

Ọ̀pẹ tó ga ní mítà 12 yóò jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 19 ní 1:64, imọ̀ mítà 5 yóò sì jẹ́ bíi 8. Wáyà líle ni mo fi ń ṣe igi, mo ń fi okùn jútù wé e, mo sì ń fi gọ́ọ̀mù pa á. Kí ó tó gbẹ, mo ti gé bébà líle sí onígun mẹ́ta wẹ́wẹ́, tí mo ń lẹ̀ mọ́ ọn yípo láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí ẹnu wọn kọjú sókè. Fún imọ̀, mo máa ń lẹ wáyà tín-ín-rín sí àárín bébà méjì tí mo ti kùn ní àwọ̀ ewé, mo ń ṣẹ́ ẹ po lójú wáyà náà, mo ń fi sísọ́ọ̀sì mímú gé etí rẹ̀ ní ìdábùú-ìdábùú, ìgé kan sí ìkejì kò ju mìlímítà kan lọ. Lẹ́yìn tí mo bá ṣí i, mo máa ń fi ẹ̀mú yí ewé kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan sókè, ọ̀kan sílẹ̀. Ó ń gba sùúrù. Imọ̀ kan lè gbà mí ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo sì ń ṣe bíi 25 fún igi kan.

Bí o bá ń tò ó, màrìwò tí kò tíì là ni kí ó wà láàárín gan-an, méjì tàbí mẹ́ta, kí wọ́n dúró gbọnrangandan, kí àwọ̀ wọn rí bíi ti òróǹbó tútù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Àwọn tó yí i ká ni kí ó máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, kùn wọ́n ní àwọ̀ gbígbẹ, kí o jẹ́ kí wọ́n so rọ̀ mọ́ ara igi. Láìsí imọ̀ gbígbẹ, ọ̀pẹ kò jọ ọ̀pẹ oko.

AyàwòránÌbàdàn
Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ ribiribi. Èmi máa ń lo ìyẹ́ adìyẹ fún imọ̀, ó sì ń yá ju èyí lọ. Ìṣẹ́jú kan ni mo fi ń gé ọ̀kan.

ÌyáOnímàrìwò
Mo ti lò ó rí, ọmọ mi. Ìyẹ́ máa ń dán lábẹ́ iná, ewé rẹ̀ sì máa ń tò pẹrẹsẹ bíi ti àgbọn, ohun tí a ń sá fún gan-an nìyẹn. Kòkòrò tó ń jẹ aṣọ òtútù máa ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú. Ọ̀pẹ mẹ́fà ló jẹ mọ́ mi lọ́wọ́ láàárín oṣù díẹ̀. Bí o bá tilẹ̀ fẹ́ lò ó, lò ó fún àwọn ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìn pátápátá, tí ojú kò ní dé.

AráOlúmọ
Mo ń gbé Abẹ́òkúta títí dòní, mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí àpáta tó wà nínú àwòrán náà. Móòdù rọ́bà tí wọ́n ń tà ní òkèèrè ni ẹ fi ṣe é, ó hàn gbangba. Àpáta inú rẹ̀ ní igun mímú, ó sì tò ní ìpele-ìpele bí búrẹ́dì tí a gé. Òkúta tiwa rí rogodo, ó sì jọ̀lọ̀ bí ẹ̀yìn erin. Ẹ fi fóòmù gé e, kí ẹ fi sáńdípépà fá a títí tí igun kankan kò fi ní sí, kí ẹ wá pa POP fẹ́lẹ́ sí i. Àwọ̀ eérú ni kí ẹ fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe pupa. Lẹ́yìn náà, ẹ po ọ̀dà dúdú pọ̀ mọ́ omi púpọ̀, kí ẹ jẹ́ kó ṣàn láti orí àpáta wá sílẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí ojú ọ̀nà tí omi òjò ń gbà ní ọdọọdún ló dúdú bẹ́ẹ̀ lára Olúmọ.

Páànù àwọn ilé yín náà ní láti yí padà. Ẹ kun gbogbo òrùlé kan ní àwọ̀ kan ṣoṣo. Ní tiwa, páànù kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ orí tirẹ̀, torí èyí tó bá jò ni a ń pààrọ̀, a kì í sábà pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Ẹ gé fóìlì ìdáná sí wẹ́wẹ́, kí ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́ mọ́ ohun tó ní ìlà dáadáa, kí ẹ kun ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ kí ẹ tó tò wọ́n lé ara wọn bí ìpẹ́ ẹja. Ìlà ara páànù gidi jìnnà síra wọn ní mìlímítà 76, nítorí náà, bíi mìlímítà 1 ni yóò jẹ́ fún àwọn ilé 1:76 yín. Ojú ìṣó àti ibi tí páànù méjì ti gun ara wọn ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe àárín. Fún páànù tuntun kan nínú òrùlé mẹ́wàá, ẹ má kùn ún rárá.

Ẹ dákun, ẹ má ṣe fọ́n ọ̀dà inú agolo sí fóòmù tí POP kò tíì bò. Oje inú rẹ̀ máa ń jẹ fóòmù, yóò sì di ihò lójú yín.

Ẹlẹ́rọPeckham
Ó ku ọ̀rọ̀ yíyẹ̀ lórí irin, tí mo rò pé a ti gbàgbé. NMRA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń kọ́ rélùwéè kékeré ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1935, ní òṣùwọ̀n kan fún ọkọ̀ orí irin 16.5 ní ìwọ̀n 1:87: áúńsì kan, kí ẹ wá fi ìdajì áúńsì kún un fún ínṣì kọ̀ọ̀kan tí ọkọ̀ náà bá gùn. Wágọ́ọ̀nù ínṣì 6 yóò wá wọn áúńsì 4, ìyẹn bíi gíráàmù 113. Ẹ wọn tiyín lórí òṣùwọ̀n ìdáná. Mo rò pé kò ní tó ìdajì. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni kí ẹ lẹ ìwúwo náà mọ́, torí bó bá wà lókè, yóò máa mì.

Ẹ tún wo ìdè bógì méjèèjì. Bógì kan ni kí ẹ dè kó fún díẹ̀, tó jẹ́ pé ó lè yí ṣùgbọ́n kò lè mì sọ́tùn-ún sósì. Kí ẹ dẹ ìkejì kó lè yí, kó sì lè mì. Bí méjèèjì bá fún, wíìlì kan yóò máa gbé sókè níbi tí ọ̀nà kò bá tẹ́jú. Bí méjèèjì bá dẹ̀, ara ọkọ̀ yóò máa fì.

Akọ́léBristol
Gíráàmù 113 pọ̀ jù fún ẹ̀rọ kékeré tó bá ń gun òkè. Èmi kì í kọjá 80, wọn kì í sì í yẹ̀. Wíìlì ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Wíìlì ike máa ń kó ìdọ̀tí. Ẹ pààrọ̀ wọn sí ti irin, kí ẹ sì wọn àárín wíìlì méjèèjì láti ẹ̀yìn dé ẹ̀yìn: mìlímítà 14.5 ni kó jẹ́. Mo ti ra èyí tó wá láti ṣọ́ọ̀bù ní 14, gbogbo ibi tí irin ti pín sí méjì ló ń ti yẹ̀.

ỌmọẸ̀gbáNíLeeds
Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wà níbi iṣẹ́, ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi gbúròó mi. N kò fọwọ́ kan pákó ńlá. Pákó kékeré tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 30 ni mo fi dán gbogbo rẹ̀ wò.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo po ilẹ̀. Èkíní pọ́n jù. Èkejì dára nínú abọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí gọ́ọ̀mù gbẹ, ó ṣókùnkùn bíi ṣokoléètì, torí gọ́ọ̀mù máa ń mú àwọ̀ jinlẹ̀ sí i, èyí tí ẹnikẹ́ni kò kìlọ̀ fún mi. Fún ẹ̀kẹta, mo mú un mọ́lẹ̀ ju bí mo ṣe rò pé ó yẹ lọ, mo sì pò ó lábẹ́ iná yàrá náà gan-an dípò ojú fèrèsé. Nígbà tó gbẹ, mo fọ́n pọ́ńdà táìlì díẹ̀ sórí ibi tí ẹsẹ̀ ti ń rìn, mo sì fi èyí tó jinlẹ̀ sínú ojú àgbàrá. Òòfà kó hóró dúdú nínú yanrìn tí mo rà, ó tó orí ìka kan.

Mo kọ́ ara wágọ́ọ̀nù kan ní 1:64. Ó wọn gíráàmù 96, mo fi í sí àárín ìmọ̀ràn méjèèjì. Àárín wíìlì méjì nínú mẹ́rin jẹ́ 14.1, mo pààrọ̀ wọn, mo dẹ bógì kan, mo sì tì í wọ kọ́nà yẹn síwá àti sẹ́yìn ní ìgbà ogún, kò yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo fi ọ̀dà ṣe ìpẹtà ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, mo lọ ṣọ́ọ̀kì fún eruku, mo sì fọ́n fáníìṣì tí kì í dán lé e. Fáníìṣì náà gbé ìdajì eruku mi mì, mo ní láti da òmíràn sí i. Ọ̀pẹ kan ṣoṣo ni mo tíì ṣe. Ìyá, ẹ ṣeun. Imọ̀ gbígbẹ yẹn ló ṣe é.

Mo fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí màmá mi, n kò sì sọ nǹkan kan. Wọ́n ní, “Ṣé Láfẹ́ńwá nìyẹn?”

Bàbá, ìbéèrè kan ló kù. Ẹ̀gbẹ́ wágọ́ọ̀nù náà ṣì mọ́ jù lójú mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti ṣe ohun gbogbo tí ẹ sọ. Kí ló kù?

BàbáṢọ́ọ̀bùÈbútéMẹ́ta
Ọmọ mi, mo wo àwòrán náà, mo sì pe ìyá àwọn ọmọ wá wò ó. Ọwọ́ ènìyàn ló kù lára rẹ̀. A máa ń fi ṣọ́ọ̀kì funfun kọ̀wé sára wágọ́ọ̀nù: ibi tó ń lọ, ohun tó wà nínú rẹ̀, ọjọ́ tí a yẹ̀ ẹ́ wò, tàbí àmì àgbélébùú ńlá lórí èyí tó bá bàjẹ́ kí ẹnikẹ́ni má baà so ó mọ́ ọkọ̀. Ìwé ọwọ́ ni, kò tò, ó sì máa ń wà ní ìwọ̀n ibi tí ọwọ́ ẹni tó dúró sílẹ̀ lè dé, kì í ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mú pẹ́ńsù funfun tí o gbẹ́ ẹnu rẹ̀ dáadáa. Kọ méjì kí o tó da eruku sí i, kí o fi ìka nu ọ̀kan nínú wọn dé ìdajì bí ẹni tó fẹ́ pa á rẹ́, kí o wá kọ ẹ̀kẹta lẹ́yìn tí eruku bá ti bò ó, nítorí wọn kò kọ gbogbo rẹ̀ ní ọjọ́ kan náà.